Ìyípo omi ìtutù nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Ìyípo omi ìtutù nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀nà tí omi ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì tí a gbé kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀, tí ó ń gba ooru lára irin ẹ́ńjìnnì náà, tí ó sì ń gbé ooru ọ̀hún jáde padà sínú odò, ọ̀sà tàbí òkun. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn sì ń rí lóde. Ti inú ọkọ̀ wà nínú yàrá tirẹ̀ lábẹ́ pákó, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ dáadáa. Nítorí náà, omi ni a sábà máa ń fi mú un tutù.

Bí ìyípo omi yìí bá dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan, ẹ́ńjìnnì náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ọkọ̀ yóò sì dúró láàrin omi pẹ̀lú èrò inú rẹ̀. Ní ọ̀sà Èkó àti àwọn omi tí ó so pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó lè fa ìdádúró yìí ló wá láti ìta ẹ́ńjìnnì, nínú omi tí ọkọ̀ ń fà: koríko ojú omi, ọ̀rá, iyanrìn àti iyọ̀.

## Ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi nílò ìtutù

Iná ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Nígbà tí epo bá gbiná nínú sìlíńdà, gáàsì inú rẹ̀ lè gbóná ju 2,000 °C lọ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Álúmínọ́ọ̀mù, tí a sábà máa ń pò mọ́ irin mìíràn láti fi ṣe písítìnì, ń yọ́ ní nǹkan bí 660 °C. Ohun méjì ni kì í jẹ́ kí písítìnì yọ́: iná náà kì í pẹ́ kó tó kú, omi tí ó wà lẹ́yìn ògiri sìlíńdà sì ń gba ooru rẹ̀ lọ kí ó tó kójọ.

Nínú gbogbo agbára tí ó wà nínú epo dísẹ́ẹ̀lì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó ń di agbára tí ń yí pùròpẹ́là. Nǹkan bí ìdá kan mìíràn ń bá èéfín jáde. Èyí tí ó kù di ooru nínú irin àti nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, òun sì ni omi gbọ́dọ̀ gbé lọ. Ìpín yìí kì í dọ́gba géérégé nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ooru tí a ń dà nù kò kéré sí iṣẹ́ tí a ń rí gbà.

Omi yẹ fún iṣẹ́ yìí ju afẹ́fẹ́ lọ. Lítà omi kan nílò nǹkan bí kìlójúùlù 4.2 kí ó tó lè fi 1 °C péré gbóná sí i, ó sì wúwo ju lítà afẹ́fẹ́ kan lọ ní ìlọ́po tí ó ju 800 lọ. Nítorí náà, omi díẹ̀ lè gbé ooru púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹ́ńjìnnì kan bá ń da ooru kìlówáàtì 90 sínú omi, tí omi tí ń jáde sì fi 15 °C gbóná ju èyí tí ń wọlé lọ, a ó pín 90 pẹ̀lú ìsọdipúpọ̀ 4.2 àti 15. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí lítà 1.43 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bí lítà 86 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ju omi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́ta lọ, tí ó gbọ́dọ̀ gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láìdáwọ́ dúró.

Ẹni tí kò wọ yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rí lè fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí ní àwọn ìlú ilẹ̀ Ọ̀ṣun, àpótí omi kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ wà ní òkè. Omi inú rẹ̀ ń hó, èéfín omi funfun ń gòkè, ẹni tí ń lọ nǹkan sì ń bu omi kún un bí ó ti ń dínkù. Lítà omi kọ̀ọ̀kan tí ó bá hó tán bẹ́ẹ̀ ń gbé nǹkan bí kìlójúùlù 2,260 lọ. Bí omi bá tán tí ẹnikẹ́ni kò sì kíyè sí i, ẹ́ńjìnnì á gan. Ọkọ̀ ojú omi kò nílò kẹ́ẹ̀gì, nítorí orí omi ni ó wà. Iṣẹ́ tí ó kù ni bí a ó ṣe mú omi náà wọlé láìsí ìdọ̀tí, tí a ó sì dá a padà sóde láì jẹ́ kí ó rì ọkọ̀.

## Ìtàn ní ṣókí

Ṣáájú ẹ́ńjìnnì onípísítìnì tí ń jó epo nínú ara rẹ̀, ọkọ̀ onísítíìmù ni ó ń ná àwọn odò ńlá. Lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó wọ odò Ọya ni *Quorra* àti *Alburkah* tí Macgregor Laird kó wá ní ọdún 1832. Ọkọ̀ onísítíìmù náà ń fa omi láti ìta.

Ní ọdún 1886, Gottlieb Daimler ti ilẹ̀ Jámánì dán ọkọ̀ kékeré kan tí ó ní ẹ́ńjìnnì epo wò lórí odò Neckar. Ní ọdún 1897, ẹ́ńjìnnì Rudolf Diesel yege nínú àyẹ̀wò tí a ṣe fún un ní ìlú Augsburg. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì di àyànfẹ́ fún ọkọ̀ ìpẹja ńlá, ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ mìíràn àti fẹ́rì.

## Oríṣi ìtutù mẹ́ta

### Ìtutù tààrà

Nínú oríṣi yìí, omi tí a fà láti ìta ni ó ń yí sìlíńdà ká fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà a dà á nù. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, àtúnṣe rẹ̀ kò sì le. Àbùkù rẹ̀ ni pé iyọ̀, ẹrẹ̀ àti iyanrìn ń wọ inú ẹ́ńjìnnì gan-an. Bí omi iyọ̀ bá gbóná kọjá nǹkan bí 60 °C, ohun líle inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ irin bí èépá. Nítorí èyí, irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ni a ń mú tutù ju bí ó ti yẹ fún jíjó epo dáadáa lọ.

### Ìtutù onípò méjì

Èyí ni ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú ọkọ̀ òde òní. Omi méjì ni ó wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í pàdé. Èkíní ni omi inú, tí a pò mọ́ ògùn ìtutù tí a ń pè ní kúláǹtì. Inú ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó ń yí po. Èkejì ni omi ìta, tí ó ń wọlé láti ọ̀sà tí ó sì ń jáde padà. Àwọn méjèèjì ń kọjá lára ara wọn nínú àgbá ìpààrọ̀ ooru: ọ̀kan ń gba inú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kọjá, èkejì ń gba ẹ̀yìn wọn. Ògiri ọ̀pá náà ni ooru ń gbà kọjá láti inú èyí tí ó gbóná sínú èyí tí ó tutù. Nítorí pé iyọ̀ kò dé inú ẹ́ńjìnnì, omi inú lè máa ṣiṣẹ́ láàrin 80 °C sí 90 °C, ìwọ̀n tí epo ń jó dáadáa sí.

### Ìtutù abẹ́ ọkọ̀

Nínú oríṣi kẹta, a kì í fa omi ìta wọlé rárá láti mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ọ̀pá omi inú ni a gbé jáde lọ sí abẹ́ ọkọ̀, kí omi odò máa wẹ̀ ẹ́ láti ìta bí ọkọ̀ ti ń lọ. Kò sí asẹ́ tí yóò dí, kò sì sí pọ́ǹpù omi ìta tí iyanrìn yóò jẹ. Ó dára fún ibi tí ẹrẹ̀ àti koríko pọ̀ sí, a sì ń rí i lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ iṣẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ nínú omi tí kò jìn. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ lè fara gbá ilẹ̀ tàbí kùkùté, àwọn ẹranko oníkarahun sì lè hù bò ó.

## Ìrìn àjò omi ìta

Nínú ẹ́ńjìnnì onípò méjì, omi ìta ń tẹ̀ lé ipa ọ̀nà yìí:

1. Ẹnu ọ̀nà omi. Ihò kan ni, ní abẹ́ ọkọ̀ nísàlẹ̀ ojú omi. A sábà máa ń fi irin onígbáró bò ó kí igi àti ewé ńlá má bàa wọlé.

2. Fáàfù ìdínà. Ó jókòó sórí ihò náà gan-an. Òun ni a fi ń dí omi pa bí ọ̀pá rọ́bà bá bẹ́ tàbí bí a bá fẹ́ ṣí asẹ́.

3. Asẹ́. Ó ń gba ewé, ọ̀rá, ìkarahun àti pàǹtírí dúró. Ọ̀pọ̀ asẹ́ ní ìdérí tí a lè rí inú rẹ̀ láti òkè láìṣí i.

4. Pọ́ǹpù omi ìta. Inú rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré kan wà tí ó ní apá púpọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ìmpẹ́là. Ilé pọ́ǹpù náà kò rí róbótó pátápátá. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ há. Bí apá rọ́bà bá dé ibi tí ó há, ó tẹ̀, ó sì ti omi jáde. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, ó nà padà, ó sì fa omi mìíràn wọlé. Omi fúnra rẹ̀ ni ó ń mú kí rọ́bà náà máa yọ̀. Bí kò bá sí omi, rọ́bà á máa ha irin ní gbígbẹ, ó sì lè jóná tàbí kí ó já láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀.

5. Àgbá ìpààrọ̀ ooru. Níhìn-ín ni omi ìta ti gba ooru lọ́wọ́ omi inú. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ó ti kọ́kọ́ kọjá lára ọ́ìlì jíà tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kí ó tó dé ibẹ̀.

6. Ìgbọ̀nwọ́ sàlẹ́ńsà. Lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú àgbá, a fọ́n omi ìta sínú èéfín gbígbóná. Èéfín náà tutù lójú ẹsẹ̀, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀, a sì lè fi ọ̀pá rọ́bà dípò irin gbé e jáde.

7. Ẹnu ìjáde. Omi àti èéfín ń jáde pọ̀ ní ìdí ọkọ̀. Bí ó bá ń tú jáde bùà-bùà, àmì pé omi ń yí po ni.

Ibì kan wà tí ipa ọ̀nà yìí ti léwu. Bí ẹ́ńjìnnì bá jókòó nísàlẹ̀ ojú omi, omi lè máa fa ara rẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnnì, títí yóò fi kún sàlẹ́ńsà tí yóò sì padà sínú sìlíńdà. Láti dènà rẹ̀, a ń gbé ọ̀pá omi gòkè ju ojú omi lọ, a sì ń fi ihò afẹ́fẹ́ kékeré kan sí orí rẹ̀ kí ìfà náà lè já. Bákan náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ láti dáná, tí awakọ̀ sì ń fi bátìrì yí i léraléra, pọ́ǹpù ń kó omi jọ sínú sàlẹ́ńsà nígbà tí kò sí èéfín tí yóò tì í jáde. Ó yẹ kí a ti fáàfù pa nígbà náà, kí a sì ṣí i padà ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá dáná.

## Ìyípo omi inú

Omi inú ní pọ́ǹpù tirẹ̀, èyí tí bẹ́líìtì sábà máa ń yí. Ó ń ti omi wọ àyè tí ó yí àwọn sìlíńdà ká, láti ibẹ̀ dé orí ẹ́ńjìnnì níbi tí ooru ti pọ̀ jùlọ. Ní ẹnu ọ̀nà àbájáde ni tẹ́mósítáàtì wà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná, tẹ́mósítáàtì wà ní pípa, omi sì ń yí po láìdé àgbá ìpààrọ̀ ooru, kí irin lè tètè móoru. Bí omi bá gbóná tó, ìda inú tẹ́mósítáàtì á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀díẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù, nítorí ilẹ̀ wa gbóná. Àṣà yìí kò ṣe ẹ́ńjìnnì ní oore. Ẹ́ńjìnnì tí ó tutù jù kì í jó epo tán, ó ń mu epo jù, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń tètè dọ̀tí.

Ìdérí tí ó wà lórí àgbá omi inú ń jẹ́ kí omi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìfúnpá. Bí ìfúnpá náà bá fi báà kan ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, omi kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bí 120 °C. Ìdí nìyí tí ó fi léwu láti ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná: ìfúnpá á já, omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí ẹni tí ó ṣí i lójú àti lọ́wọ́.

Kúláǹtì wúlò ní Nàìjíríà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kì í dì níhìn-ín. Ògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ nìkan kún ẹ́ńjìnnì ń fi àyè sílẹ̀ fún ìpẹtà láti inú wá, bí omi iyọ̀ ò tilẹ̀ dé ibẹ̀.

## Láti odò Ẹ̀rìnlẹ̀ dé ọ̀sà Èkó

Irú omi tí ọkọ̀ ń fà ni ó ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì yóò ti pẹ́ tó. Omi ọ̀sà Èkó kì í sì í ṣe irú kan náà jálẹ̀ ọdún, nítorí odò inú ilẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ láti òkè, òkun sì ń wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Orólù, àti Ìlobù, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, jìnnà sí òkun. Síbẹ̀, omi agbègbè wọn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Odò Ẹ̀rìnlẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ òrìṣà tí Ìlobù gbajúmọ̀ fún, ń ṣàn lọ sínú odò Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun ń sọ̀ kalẹ̀ gba gúúsù lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà Lẹ́kí sì so pọ̀ mọ́ ọ̀sà Èkó. Odò Ògùn náà ń dà sínú ọ̀sà Èkó láti àríwá, odò Yewa sì ń ṣàn wọ apá Àgbádárìgì. Òjò tí ó rọ̀ ní Ìfọ́n lè tipa bẹ́ẹ̀ di omi tí fẹ́rì ń fà sínú ikùn rẹ̀.

Ní ìgbà òjò, omi odò pọ̀ débi pé ó ń ti omi iyọ̀ sẹ́yìn, omi ọ̀sà Èkó a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹrẹ̀ àti pàǹtírí tí àgbàrá gbá wá ni ìṣòro ìgbà náà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò fà, ìgbì òkun a sì gba ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó wọlé. Iyọ̀ ni ìṣòro nígbà náà. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀. Ọ̀sà Lẹ́kí, tí ó jìnnà sí ẹnu òkun, kì í ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ń ná Ẹ̀pẹ́ àti ọkọ̀ tí ń ná Àpápá kò fa omi kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì kan náà.

### Koríko ojú omi

Yorùbá ti mọ ojúoró àti òṣíbàtà lójú omi láti ìgbà ìwásẹ̀. Koríko tí a ń pè ní water hyacinth, *Eichhornia crassipes*, jẹ́ àlejò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. A kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà ní ọdún 1984 nínú omi Àgbádárìgì, lẹ́yìn tí ó ti gba apá Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọlé. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn dé ọ̀sà Èkó àti àwọn omi Ìlàjẹ. Ó ní òdòdó aláwọ̀ elése àlùkò, gbòǹgbò rẹ̀ sì gùn, ó rí bí irun.

Ìpalára rẹ̀ fún ìyípo omi ọ̀nà méjì ni. Ewé rẹ̀ lè tẹ́ bo ẹnu ọ̀nà omi lábẹ́ ọkọ̀, kí ìfà pọ́ǹpù sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ó já sì lè gba àárín irin onígbáró wọlé kí ó kún asẹ́. Koríko yìí kò lè fara da iyọ̀, nítorí náà ó máa ń dínkù ní ọ̀sà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì tún máa ń padà wá nígbà tí omi odò bá pọ̀.

### Ọ̀rá àti iyanrìn

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti àpò ọ̀rá ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí ewé koríko ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n rọ̀, wọ́n sì fẹ̀, nítorí náà wọ́n ń dí ihò pátápátá. Iyanrìn ní tirẹ̀ kéré débi pé ó ń gba inú asẹ́ kọjá. Ó ń ha apá ìmpẹ́là àti ògiri ilé rẹ̀ títí omi yóò fi máa gba ẹ̀gbẹ́ sá padà, tí ìwọ̀n omi tí pọ́ǹpù ń tì á sì máa dínkù láìjẹ́ pé ohunkóhun já. Ọkọ̀ tí ń gba ibi tí omi kò jìn kọjá, tàbí ibi tí wọ́n ti ń wa iyanrìn, ni èyí ń bá jùlọ.

## Iyọ̀, ìpẹtà àti síńkì

Bí irin oríṣi méjì bá fara kanra nínú omi iyọ̀, ọ̀kan nínú wọn á máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀, bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì. Nínú àgbá ìpààrọ̀ ooru, bàbà, níkẹ̀lì, irin àti álúmínọ́ọ̀mù lè wà papọ̀. Láti dáàbò bò wọ́n, a ń de ọ̀pá síńkì kékeré mọ́ inú àgbá náà. Omi á máa jẹ síńkì dípò àwọn irin yòókù. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ bá ti lọ. Bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ara àgbá ni omi yóò kàn.

Síńkì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi iyọ̀, ṣùgbọ́n nínú omi tí kò níyọ̀ ojú rẹ̀ lè sé kí ó má ṣiṣẹ́ mọ́. Fún omi tí iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ tí ó sì ń dínkù, irú ti ọ̀sà Èkó, ọ̀pá álúmínọ́ọ̀mù pàtàkì tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí lè dára jù ú lọ. Ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá wí ni kí a tẹ̀ lé.

Bí ihò bá lu àgbá ìpààrọ̀ ooru, omi méjèèjì á pàdé. Nítorí pé omi inú wà lábẹ́ ìfúnpá, òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jò síta. Ẹni tí ó bá rí i pé kúláǹtì ń dínkù láìsí ibi tí ó ń jò nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, kí ó fura sí àgbá náà.

## Àmì ìdààmú àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

* Omi ìdí ọkọ̀ dínkù tàbí dá. Èyí ni àmì tí ó máa ń kọ́kọ́ yọ, ṣáájú kí aago ooru tó gòkè.
* Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Sàlẹ́ńsà tí kò rí omi mọ́ á máa pariwo gbígbẹ.
* Èéfín funfun tí ó nípọn. Omi díẹ̀ tí ó kù ń hó di èéfín omi.
* Òórùn rọ́bà tí ń jó. Ọ̀pá sàlẹ́ńsà tàbí ìmpẹ́là ti ń bàjẹ́.
* Aago ooru gòkè, tàbí agogo ìkìlọ̀ dún. Ooru ti dé inú irin.

Nígbà tí àmì wọ̀nyí bá yọ, awakọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dín eré kù pátápátá, kí ó sì darí ọkọ̀ kúrò ní ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé ewé tàbí ọ̀rá ni ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà omi, pípa ẹ́ńjìnnì lè tó láti jẹ́ kí ó jábọ́. Fífa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ náà lè gbá a kúrò. Bí omi kò bá padà, kí ó ju ìdákọ̀ró sínú omi, kí ọkọ̀ má bàa máa fò lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò yẹ fáàfù, asẹ́, bẹ́líìtì àti ìmpẹ́là wò, ní títẹ̀lé ipa ọ̀nà omi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun méjì ni kò gbọdọ̀ ṣe. Kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí àgbá omi inú nígbà tí ó gbóná. Kò sì gbọdọ̀ da omi tútù sí ara ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná jù, nítorí irin lè sán.

## Ìtọ́jú

Ọ̀pọ̀ nínú ìtọ́jú ìyípo omi kò ná ni lówó ńlá. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, a ń wo asẹ́, a ń wo ìwọ̀n kúláǹtì, a sì ń bojú wo ìdí ọkọ̀ bóyá omi ń tú jáde. Ìmpẹ́là ni a ń pààrọ̀ ní àkókò tí ìwé ẹ́ńjìnnì là sílẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọdọọdún, láìdúró kí ó já. Bí ó bá já, a gbọ́dọ̀ wá gbogbo apá rọ́bà tí ó kù títí a ó fi rí wọn, nítorí wọ́n lè há sínú ọ̀pá tín-ín-rín àgbá ìpààrọ̀ ooru, kí wọ́n sì dí ìmpẹ́là tuntun lọ́wọ́. Ìmpẹ́là kan àti bẹ́líìtì kan ní ìpamọ́ yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Ọkọ̀ tí yóò dúró fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú omi iyọ̀ yẹ kí a fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ọ̀nà omi ìta rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà omi pẹ̀lú nílò fífọ̀, nítorí àwọn ẹranko kéékèèké oníkarahun ń hù sí i lábẹ́ omi.

Kúláǹtì jẹ́ májèlé. Èyí tí a tú jáde kò gbọdọ̀ di dídà sínú ọ̀sà tí àwọn ènìyàn ti ń pẹja, a kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ sínú abọ́ níbi tí ọmọdé tàbí ẹranko ti lè mu ún, nítorí ó dùn lẹ́nu.

## Ààbò èrò

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò tí ń ná ọ̀sà Èkó ń lo ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ wọ́pọ̀ jùlọ nínú fẹ́rì ńlá àti ọkọ̀ iṣẹ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó omi inú ilẹ̀, NIWA, ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1997, a sì dá ti ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, sílẹ̀ ní ọdún 2008.

Ìyípo omi kan ààbò èrò ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú láàrin ọ̀sà kò lè yà fún ọkọ̀ ńlá, kò sì lè kojú ìgbì. Èkejì, ọ̀pá sàlẹ́ńsà tí ó jóná lè da èéfín olóró sínú ọkọ̀, ó sì lè dá iná sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹnu ọ̀nà omi tìkára rẹ̀ jẹ́ ihò ní ìdí ọkọ̀. Bí ọ̀pá tí ó so mọ́ ọn bá yọ, ihò tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 38 péré, tí ó wà ní ìdajì mítà nísàlẹ̀ ojú omi, lè da omi tí ó ju lítà 100 lọ sínú ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni a fi ń fi òrùka irin méjì fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ìdí fáàfù, tí a sì ń so èdìdì igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a lè gbá a wọ ihò náà bí fáàfù bá kọ̀ láti tì.

Èrò kò lè wo inú yàrá ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ó lè wọ ẹ̀wù ìmúléfòó kí ọkọ̀ tó gbéra, ó sì lè bojú wo ìdí ọkọ̀. Bí omi kò bá tú jáde pẹ̀lú èéfín láti ara ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó máa tú u jáde, ó tọ́ kí ó sọ fún awakọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà ní èbúté.

## Tún wo

* Ọ̀sà Èkó
* Odò Ọ̀ṣun
* Odò Ẹ̀rìnlẹ̀
* Ìfọ́n-Ọ̀ṣun
* Ìlobù
* Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì